Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ owó ẹ̀kọ́ ní Kétu, ta ni aláìní lójú yín?

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ jókòó sí ìgbìmọ̀ tó ń pín owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ nílùú Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Kí adé pẹ́ lórí Alákétu, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ẹ ti lẹ ìpinnu yín mọ́ ògiri, gbogbo ìlú sì ti kà á, ìdí nìyẹn tí èmi náà fi ń fèsì níbi tí gbogbo ìlú ti lè kà. Ẹ ní bí ilé-ìwé bá ti wọlé báyìí, ọmọ tó bá fẹ́ jẹ nínú owó náà gbọ́dọ̀ mú ìwé wá láti ọwọ́ baálé agbo ilé kan ní Kétu, tó ń jẹ́rìí pé ọmọ bíbí ìlú ni bàbá rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ti tẹ́lẹ̀ máa ń béèrè iṣẹ́ tí òbí ń ṣe, iye ọmọ tó wà nílé, àti bóyá bàbá tàbí ìyá ti kú. Ẹ ti yọ gbogbo ìyẹn. Ibi tí a ó kọ orúkọ agbo ilé sí ló kù, àti ibi òǹtẹ̀.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba, mo sì ń dá owó sí àpò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ Kétu ni bàbá mi, ọmọ Kétu ni ìyá mi. Mo sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má baà ní àlejò ló ń dá onílé lẹ́jọ́. Ní ìlú tó bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ fún àgbà lójú gbogbo ayé pé ọ̀nà tó gbà yìí kò dáa. Ẹ̀fẹ̀, olórin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ń ṣe é lóru, kì í sì í bojú wo ẹnikẹ́ni. Èmi ń ṣe é lọ́sàn-án, mo sì fi ọ̀wọ̀ sí i.

1. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí fọ́ọ̀mù tuntun yìí mú, àti ẹni tó jù sílẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi. Ìhà Àgbómẹ̀, ìlú àwọn Fọ̀n, ni bàbá rẹ̀ ti wá, ó yá ilẹ̀ dáko níbí, ibí náà ló sì kú sí. Ìyá rẹ̀ ń kiri gàrí. Ẹ̀yin kan náà lẹ̀ ń sanwó ilé-ìwé ọmọ yẹn títí di èsí. Ẹ ti yọ orúkọ rẹ̀ báyìí, nítorí kò sí agbo ilé tó máa lu òǹtẹ̀ fún un. Nínú kíláàsì kan náà, ọmọkùnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ aṣọ́bodè. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé, mọ́tò ló sì ń gbé e wá sílé-ìwé bí òjò bá ń rọ̀. Orúkọ tirẹ̀ wọlé. Ọmọ náà kò purọ́, bàbá rẹ̀ kò sì jalè. Fọ́ọ̀mù yín ni kò béèrè ohunkóhun tó lè yọ ọ́.

Obìnrin Kétu tó fẹ́ ọkọ Máhì, tí ọkọ já a sílẹ̀, tó kó ọmọ mẹ́ta padà sílé bàbá rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè gbà á, nítorí agbo ilé bàbá lẹ̀ ń béèrè. Ọmọ Ọ̀họ̀rí tí a jọ ń sọ èdè kan náà kò lè gbà á, nítorí ìhà Pobẹ̀ ni wọ́n ti ṣí wá. Àmọ́ ọmọ oníṣòwò ńlá ní Ìmẹ́kọ, lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Nàìjíríà, lè gbà á, torí pé abẹ́ Alákétu ni Ìmẹ́kọ wà kí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tó jókòó fa ààlà ní 1889. N kò bá ará Ìmẹ́kọ jà o, ẹbí wa ni wọ́n. Ìbéèrè tèmi ni pé ṣé ìtàn ìdílé ni a dá owó yìí láti fi tọ́jú, àbí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó ìwé?

2. Ọ̀rọ̀ ogun 1886. Wọ́n ní òun ló borí nínú ìpàdé yín. Mo fẹ́ dúró lé e lórí, nítorí ọmọ Kétu kankan kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Òótọ́ ni. Ogun Dàhòmì, ìjọba àwọn Fọ̀n, nígbà ọba Glèlè, kó Kétu ní 1886. Wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n kó èèyàn lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, ibí yìí sì dahoro títí Faransé fi ṣẹ́gun Béhanzin, ọba tó jẹ lẹ́yìn Glèlè, tí àwọn tó kù padà wá tún ìlú tẹ̀ dó ní nǹkan bí 1894. Kò sí agbo ilé kan nínú ìlú yìí tí kò ní orúkọ ẹni tó lọ tí kò bọ̀.

Ibi tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ ni kò yé mi. Ẹ ní Fọ̀n ló fọ́ ìlú wa, kí ló dé tí owó wa yóò fi máa rán ọmọ Fọ̀n nílé-ìwé? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dópin. Ààfin Àgbómẹ̀ ló jẹ wá ní gbèsè. Ààfin yẹn kò ṣèjọba mọ́. Agoli-Agbo tó jókòó lórí ìtẹ́ kẹ́yìn, Faransé lé e kúrò nílùú ní 1900. Ọkùnrin tó wá yá ilẹ̀ ro ní Kétu kò jogún ààfin kankan. Ká ní ẹrù ogun ló jogún ni, kí ni ìbá máa wá nínú oko olóko?

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà nínú ìpàdé yẹn. Gbogbo àwọn tí wọ́n kó lọ ní 1886 kọ́ ló padà. Àwọn obìnrin kan ti di ìyàwó ilé lọ́hùn-ún, àwọn ọmọdé kan ti gbàgbé ọ̀nà ilé. Àrọ́mọdọ́mọ wọn ń sọ Fọ̀n lónìí, orúkọ Fọ̀n ni wọ́n sì ń jẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣí wá síbí wá wá ilẹ̀ oko, baálé wo ló máa búra pé ọmọ ọmọ ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa kọ́ ni òun ń lé? Ẹ ó lé ọmọ Kétu nítorí ogun tó kó ìyá ìyá rẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé ẹ̀san lẹ̀ ń gbà fún Kétu.

Mo gbà pé gbèsè ìtàn kì í kú. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n san án, ẹ jẹ́ ká jọ kọ̀wé sí ìjọba. Ní 2021, Faransé dá ohun 26 tí wọ́n kó ní ààfin Àgbómẹ̀ padà fún Bẹ̀nẹ̀, ìjọba sì pàtẹ wọn fún gbogbo ayé wò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká béèrè pé ti Kétu ńkọ́? Ibo ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí yóò sọ ohun tí ojú ìlú yìí rí wà? Ojú ìwé mélòó ló kàn wá nínú ìwé ìtàn tí àwọn ọmọ ń kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì? Irú ìwé ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, èmi ni n ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ìjọba ló sì yẹ kó lọ bá, kì í ṣe ọmọ oní-gàrí.

3. Ẹ wo àwọn ará wa ní Bràsíìlì. Ilẹ̀ yẹn kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ìhà ibí gbé òrìṣà wọn dé Bàhíà, títí dòní sì ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà wọn, tó tóbi jù níbẹ̀ ń jẹ́ Kétu. 1888 ni Bràsíìlì tó fòpin sí ìmúlẹ́rú, ìjọba kò sì fún àwọn tó dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ tàbí ilé-ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n fi àwọ̀ ara pín nǹkan, àwọn ni.

Ẹ wá wo òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 2012. Ó ní kí àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fi ìdajì àyè wọn sílẹ̀ fún ọmọ tó ka gbogbo ilé-ìwé girama rẹ̀ nílé-ìwé ìjọba. Ìdí ni pé àwọn olówó ibẹ̀ máa ń fi ọmọ sílé-ìwé aládàáni ní kékeré. Bí ọmọ náà bá dàgbà tán, á wá gba àyè ọ̀fẹ́ ní yunifásítì ìjọba, ọmọ mẹ̀kúnnù á wá máa wò ó lẹ́nu. Nínú ìdajì yẹn, wọ́n tún ya ìdajì sọ́tọ̀ fún ọmọ ilé tí owó tó ń wọlé, bí a bá pín in kan gbogbo ẹni tó wà nílé, kò ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà lọ. Ní 2023, wọ́n rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí ẹyọ kan. Inú àwọn àyè tí wọ́n ti fi ilé-ìwé ìjọba sẹ́ báyìí ni wọ́n ti wá ń wo àwọ̀, pé àwọn dúdú, àwọn àdàlù àti àwọn ọmọ onílẹ̀ àtètèkọ́ṣe gbọ́dọ̀ rí ìwọ̀n tó bá iye wọn mu gbà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ojú wọn rí ju 1886 lọ, síbẹ̀ wọn kò sọ pé kí ọmọ olówó tó jẹ́ dúdú gba iwájú ọmọ aláìní.

Wọ́n tún rí nǹkan kan tó yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Bí àǹfààní ṣe wọ inú àwọ̀, àwọn aláwọ̀ funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé dúdú ni àwọn. Àwọn yunifásítì wá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tó ń wo ojú akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó gbà á. Ẹ̀yin náà ti gbé irú rẹ̀ kalẹ̀, baálé ni ojú tí ń wò, òǹtẹ̀ ni ẹ̀rí. (Mo ti ń gbọ́ iye tí òǹtẹ̀ ń di ní àwọn agbo ilé kan. N kò ní sọ ọ́ níbí.)

4. Wọ́n ní bàbá kan nínú yín dìde pé Amẹ́ríkà pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ọ̀làjú wọn, àwọ̀ ni wọ́n fi ń ran àwọn dúdú lọ́wọ́, pé kí ló wá burú nínú kí Kétu ran Kétu lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ó sì yẹ kí n dá a lóhùn dáadáa.

Amẹ́ríkà ti yí i padà, bàbá. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá ẹjọ́ yunifásítì Harvard àti ti North Carolina pé wọn kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà gba akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ìpínlẹ̀ Kalifóníà tilẹ̀ ti dìbò fòfin dè é láti 1996. Mo lè dúró síbẹ̀ yẹn kí n ní mo ti borí. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé òfin Kalifóníà kò gbè mí lẹ́sẹ̀ pátápátá, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Iye ọmọ dúdú tó ń wọlé sí Berkeley àti UCLA, yunifásítì ìjọba méjì níbẹ̀, já wálẹ̀ gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn yunifásítì náà gbìyànjú láti máa wo ìṣẹ́ òbí dípò àwọ̀.

Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó fà á ni pé ìṣẹ́ dúdú àti ìṣẹ́ funfun kò rí bákan náà níbẹ̀. Ìwádìí báńkì àpapọ̀ wọn ní 2022 fi hàn pé bí a bá to àwọn ìdílé láti orí ẹni tó ní jù dé orí ẹni tí kò ní, ìdílé funfun tó bọ́ sí àárín ní ohun ìní tó tó 285,000 dọ́là. Ìdílé dúdú tó bọ́ sí àárín ní 44,900. Ìdílé méjì lè máa gba owó oṣù kan náà kí ọ̀kan ní ilé tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, kí èkejì má ní nǹkankan, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba àti báńkì kò fi jẹ́ kí dúdú rówó yá kọ́lé sí àdúgbò tó dáa. Bí a bá wo owó oṣù nìkan, a ò ní rí ìyẹn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìṣẹ́ nìkan ni kí a máa wò níbi gbogbo láyé, tí kò fẹ́ gbọ́ ẹ̀yà rárá, èmi kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí ìjọba ti fi àwọ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, tí èrè ohun tí wọ́n gbà sì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn kan, àwọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ìṣirò Amẹ́ríkà yẹn wá sí Kétu bí bàbá ṣe fẹ́. Kí ni ohun ìní níbí? Ilẹ̀ ni. Ta ló ní ilẹ̀? Àwa tí a ní agbo ilé ni. Bí oko kò bá ṣe dáadáa lọ́dún yìí, ọmọ agbo ilé lè fi ilẹ̀ dúró yá owó, ó lè ké sí ẹbí, ó lè gé igi tíìkì tí bàbá rẹ̀ gbìn. Èyí tó ń yá ilẹ̀ ro, bí oko kò bá ṣe dáadáa, owó ilẹ̀ ṣì ń dúró dè é, bí ó bá sì kú, aya àti ọmọ rẹ̀ kò ní ibi tí wọ́n máa fi ẹ̀yìn tì. Àwọn tí ìtàn kò fún ní ilẹ̀ ni Amẹ́ríkà ń wá kiri láti ràn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Àpẹẹrẹ tí ẹ mú wá yìí, ọmọ àlejò ló ń gbè.

5. Íńdíà nìkan ni n ó fi kún un. Láti ìgbà òmìnira wọn ni wọ́n ti ń fi ìran tí a bí èèyàn sí pín àyè níṣẹ́ ìjọba àti nílé-ìwé, nítorí ohun tí wọ́n fi ojú àwọn ìran ìsàlẹ̀ rí kò ṣeé fẹnu sọ. Ní 1992, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù gbà kí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ti àwọn ìran tó rẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé kí wọ́n yọ àwọn ọlọ́rọ̀ inú àwọn ìran náà kúrò, kí ọmọ ọ̀gá àgbà má baà máa jẹ oúnjẹ ọmọ alágbàṣe. Ní 2019, wọ́n tún fi ìdá 10 sílẹ̀ fún tálákà àwọn ìran tí kò jàǹfààní tẹ́lẹ̀. Ìyẹn náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀, torí òfin náà kò jẹ́ kí tálákà inú àwọn ìran ìsàlẹ̀ fọwọ́ kan ìdá 10 yẹn. Nígbà tí ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ ní 2022, adájọ́ 2 nínú 5 kò fọwọ́ sí i. Lójú tèmi, àwọn 2 yẹn ló sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìrìn wọn ń lọ. Àwọn tó ti ń fi ìran pín nǹkan láti ọjọ́ tó pẹ́ rí i pé ìran nìkan kò tó, wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa yọ ọmọ olówó kúrò. Ẹ̀yin ní ìbéèrè tó ń yọ ọmọ olówó kúrò nínú fọ́ọ̀mù yín, ẹ sì fọwọ́ ara yín pa á rẹ́.

6. Òfin ilẹ̀ wa. Ìwé òfin Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, ní ẹsẹ̀ 26, sọ pé gbogbo èèyàn dọ́gba níwájú òfin, láìka ibi tí wọ́n ti wá, ẹ̀yà, bóyá akọ tàbí abo, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú tàbí ipò wọn láwùjọ. Ẹ lè ní ìjọba ni òfin yẹn ń bá wí, pé ẹgbẹ́ aládàáni ni tiyín. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n yàrá ilé-ìwé ìjọba lẹ fi ń ṣèpàdé, àwa olùkọ́ ìjọba lẹ sì ní ká máa pín fọ́ọ̀mù náà ní kíláàsì. Èmi kò ní pín in. Ọmọ kan náà tí wọ́n bu oúnjẹ fún ní kantíìnì nígbà tó wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bi í ní ẹ̀yà rẹ̀ kí wọ́n tó bù ú sínú àwo rẹ̀, n kò ní dúró níwájú rẹ̀ kí n sọ pé fọ́ọ̀mù yìí ò kàn án.

7. «Owó wa ni.» Ó kúrú. Nígbà tí ẹ gbé ìgbá ìdáwó wọ ọjà, ẹ kò béèrè agbo ilé lọ́wọ́ ìyá Fọ̀n tó ń ta ẹja gbígbẹ, ẹ kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Ìgbò tó ń ta ohun èlò mọ́tò. Gbogbo wọn dá a. Orúkọ wọn wà nínú ìwé yín. Bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ owó ọmọ Kétu nìkan, ẹ kọ́kọ́ dá tiwọn padà.

8. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ pé mo ní kí ẹ di ojú sí ẹ̀yà. Ohun kan wà tí fọ́ọ̀mù ìṣẹ́ nìkan kò lè rí. Lára àwọn ọmọ Fúlàní tó wà ní abà ẹ̀yìn ìlú, ọ̀pọ̀ ni kò sí nílé-ìwé rárá. Bí ẹ bá pín fọ́ọ̀mù ní kíláàsì, tí ẹ kọ ọ́ ní Faransé, kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn láéláé, ì báà jẹ́ pé àwọn ni òtòṣì jù nínú ìlú. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e lọ bá wọn, ẹni tó gbọ́ èdè wọn. Ìyẹn ni mo gbà pé ó yẹ kí a fi ẹ̀yà ṣe, kí a fi mọ ẹni tí ojú wa kò tó. Bákan náà ni ti àwọn ọmọbìnrin. Ìjọba ti mú owó ilé-ìwé kúrò fún wọn ní àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba, síbẹ̀ àwọn ló ń kọ́kọ́ kúrò bí owó bá tán nílé, nítorí pé àwọn ni wọ́n máa ń rán lọ tajà.

Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ yín rèé.

Ẹ fà fọ́ọ̀mù tuntun yẹn ya kí ilé-ìwé tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ padà sí ti àtijọ́, kí ẹ sì fi ìbéèrè tí kò sí nínú rẹ̀ kún un: ṣé ìdílé ní ilẹ̀ tirẹ̀ tàbí ó ń yá a? Irú òrùlé wo ló wà lórí ilé? Ta ló ń bọ́ ọmọ náà gan-an? Ìbéèrè mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹnikẹ́ni lè wo ilé fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ẹ rán èèyàn méjì lọ wo ilé náà, kí ọ̀kan nínú wọn má jẹ́ ará àdúgbò. Iṣẹ́ kékeré ni. Àwọn àgbà ti sọ ọ́, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Ẹ pín àyè náà ká gbogbo ìlú àti abúlé. Ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ kan ti dí ọ̀nà àwọ̀ mọ́ wọn ní 1996, àwọn aṣòfin wọn ṣe òfin lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé ọmọ tó bá wà nínú ìdá mẹ́wàá tó mókè nínú ọgọ́rùn-ún ní ilé-ìwé rẹ̀, yunifásítì ìjọba gbọ́dọ̀ gbà á, ì báà jẹ́ ilé-ìwé oko tàbí ti àdúgbò ọlọ́rọ̀. Ó bá tiwa mu. Ẹ mú iye kan láti ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní Adakplamé, Idigny, Kpankou, Odometa, Okpometa àti àárín ìlú, kí ẹ wá fi ìṣẹ́ yan láàárín wọn. Bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹ̀yà tó wà ní Kétu á dé inú ìwé náà láìjẹ́ pé ẹ bi ọmọ kankan léèrè ilà ojú bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ agbo ilé tó jẹ́ aláìní náà á sì wà níbẹ̀. Wọ́n pọ̀, mo mọ̀ wọ́n, èmi ni mò ń kọ́ wọn. Fọ́ọ̀mù yín tuntun kò tilẹ̀ ṣe wọ́n lóore, nítorí ọmọ aṣọ́bodè ń gba iwájú wọn pẹ̀lú òǹtẹ̀ kan náà.

Ẹ fi ibì kan sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ agbo ilé, kí ó sì jẹ́ obìnrin ọjà. Ilé ọba márùn-ún ló ń jẹ Alákétu ní ìyípo-yípo, ẹnikẹ́ni kò tíì ní ìlú bàjẹ́ nítorí pé ó kan ilé kejì.

Ẹ lẹ orúkọ gbogbo ọmọ tó bá gbà á mọ́ ògiri tí ẹ lẹ ìpinnu yín mọ́, pẹ̀lú iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà àti ìdí tí ẹ fi yàn án. Bí ojú bá ti ọmọ olówó láti rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó tì í.

Ìdáwó tèmi wà lọ́wọ́ mi títí ẹ ó fi dáhùn. Bí ẹ bá fẹ́ kí n wá sọ gbogbo èyí lójú yín, ẹ pè mí sí ìpàdé yín tó ń bọ̀; n ó mú ìwé orúkọ kíláàsì mi dání, a ó sì jọ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni, olùkọ́ ìṣirò ní Kétu.